Báàgì Àgbékọ́yìn fún Obìnrin tí Ń Gun Òkè

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí pé kí ni báàgì wá ṣe nínú ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún tó kọjá tí a lọ wo ìlú àtijọ́ lórí òkè Ìdánrè, báàgì àgbékọ́yìn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo yá. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600. N kò tíì dé ibi ìsinmi kejì tí okùn báàgì ti ń yọ̀ kúrò ní èjìká mi, tí ọwọ́ mi méjèèjì sì ti kú. Bẹ́líìtì rẹ̀, tí ó yẹ kí ó wà ní ìbàdí, itan ni ó ń gbá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa gba ẹrù náà, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Òkè gígùn kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èjìká lọ. Nígbà tí mo délé, mo wádìí, mo sì rí i pé ara ọkùnrin ni a fi wọn báàgì yẹn.

Gígùn ẹ̀yìn ni à ń kọ́kọ́ wò, kì í ṣe bí ènìyàn ti ga tó. Ẹ tẹ orí ba, ẹ ó fọwọ́ kan eegun kan tí ó yọ gọngọ ní ìsàlẹ̀ ọrùn. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, kí àtàǹpàkò kọjú sí ẹ̀yìn. Kí ẹlòmíràn fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n láti eegun náà dé ibi tí àtàǹpàkò wà. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42, ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 49, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ni ó fi ga jù mí lọ.

Okùn èjìká ti obìnrin a máa tẹ́ẹ́rẹ́, a máa sún mọ́ra lẹ́bàá ọrùn, a sì tẹ̀ kí ó má baà fún ọmú.

Bẹ́líìtì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́. Bí ìyá bá pọnmọ, kì í gbé e lé èjìká. Ìbàdí ni ọmọ ń jókòó lé, ọ̀já ni ó sì gbá a mú. Iṣẹ́ ọ̀já ni bẹ́líìtì báàgì ń ṣe. Bí a bá dì í le dáadáa, ìbàdí ni yóò gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù. Èjìká kàn ń dá a dúró ni kí ó má fà sẹ́yìn. Nítorí pé ìbàdí obìnrin sábà máa ń fẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, òkè bẹ́líìtì tiwọn a máa fún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì gbòòrò. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Dick Kelty àti Nena ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe báàgì fún àwọn agunkè ní 1952, Nena ni ó ń fi máṣíìnì rán an. Ọwọ́ obìnrin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ̀ràn yìí.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ o! Ẹnì kan tí ń ta okirika mú aláwọ̀ pínkì wá fún mi, ó ní ti obìnrin nìyẹn. Mo wọ̀n ọ́n. Kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn lè lo ti ọkùnrin, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rà á lófìfo. Ẹ ní kí wọ́n ki nǹkan bíi kílò 7 sí i, kí ẹ dì í, kí ẹ sì rìn yí ká ọjà.

Mo ti ra tèmi, lítà 30 ni. A ó tún lọ sí Ìdánrè lọ́dún yìí, mo sì ti sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ pé èmi ni n ó gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ gòkè.