Kí Ẹ Tó Rẹ́ Ògiri

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe l'Ékòó, àmọ́ kì í ṣe wáyà iná. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ti kámẹ́rà àti ti ilẹ̀kùn oníkáàdì ni tèmi. Àwọn onílé kì í rántí irú wa bọ̀rọ̀. Wọ́n á pe oníná, wọ́n á pe púlọ́ńbà, wọ́n á rẹ́ ògiri, wọ́n á kùn ún lọ́dà, kí wọ́n tó wá sọ pé, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ dákun, ẹ wá bá wa fi íntánẹ́ẹ̀tì sí i." Ibo la fẹ́ gbà? Bóyá ká gbẹ́ ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, tàbí ká kan páìpù oníke mọ́ ojú rẹ̀, kó yọ síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó.

Wai-Fai ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ ni ohun gbogbo ń gbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti orí fóònù dé àpótí kékeré tó wà lára àjà nìkan ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ mọ. Láti ibẹ̀ lọ, wáyà ni: wáyà inú ògiri, wáyà abẹ́ títì, títí dé èyí tó wà nísàlẹ̀ òkun. Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olújì tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ńjíníà ní Ifẹ̀, ló dá ilé iṣẹ́ MainOne sílẹ̀, tó fa okùn bíi 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Potogí wá sí Èkó ní 2010. Google gbé okùn tirẹ̀ tó ń jẹ́ Equiano dé ní 2022. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn mẹ́rin já nínú òkun lágbègbè Abidjan, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ báńkì wa. Ọjọ́ yẹn ni àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ní okùn.

Dígí ni okùn náà, tí a ń pè ní fáíbà. Àárín gbùngbùn rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ fíìfíì: ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, kí ẹ mú mẹ́sàn-án níbẹ̀. Dígí mìíràn ló yí i ká, tí ìmọ́lẹ̀ bá fẹ́ yà síta, èyí tó yí i ká yẹn á dá a padà sínú. Ní 1966, Charles Kao tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìdọ̀tí inú dígí ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, pé tí dígí bá mọ́ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ á rìn jìnnà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Dígí òde òní mọ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ á rin kìlómítà 15 kí ìdajì rẹ̀ tó dín kù.

Síso fáíbà pọ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. A kọ́kọ́ ń ki ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yóò bo ojú ìsopọ̀ bọ okùn náà lọ́rùn. Ọmọṣẹ́ tó bá gbàgbé rẹ̀ á tún gé e bẹ̀rẹ̀ ni. A ó bó ara rẹ̀, a ó fi sípíríìtì nù ún títí yóò fi máa dún fíín-fíín, a ó fi ọ̀bẹ rẹ̀ gé e kó gún gbọọrọ. Mẹ́ṣíìnì á wá gbé orí méjèèjì kojú ara wọn, iná á ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, wọ́n á yọ́ di ọ̀kan. Eruku bíńtín lásán lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. A kì í jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, nítorí èérún dígí tó bá wọ ara kì í ṣeé rí yọ. Ẹ má sì yọjú wo ẹnu fáíbà tó ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kì í hàn sójú, àmọ́ ó lè ba ojú jẹ́.

Nínú ilé, fáíbà ló máa ń gba àjà dé àjà. Wáyà bàbà, Cat6, ló ń ti ibẹ̀ lọ bá tábìlì àti kámẹ́rà. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, a lọ́ wọn ní méjì-méjì kí ariwo iná má baà wọ inú wọn. Ẹni tó bá tú u ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó ń fi orí sí i ti ba ohun tí wọ́n san owó fún jẹ́. Kò sì gbọdọ̀ gùn ju 100 mítà lọ: 90 nínú ògiri, ìyókù fún okùn kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Ayédèrú ló ń pa wá. Ilé iṣẹ́ kan pè mí pé kámẹ́rà àwọn ń kú, ó ń jí. Mo fi ọ̀bẹ ha wáyà wọn: bàbà lókè, funfun ní inú. Alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Wáyà yìí náà ló ń gbé iná lọ fún kámẹ́rà, alumíníọ́ọ̀mù kì í sì í gbé iná tó bàbà, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń ṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ la fà yọ. Owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pa mọ́ kò tó owó iṣẹ́ tí wọ́n san fún mi.

Ẹ lọ wo dátà sẹ́ńtà, ilé tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jọ sí, bíi Rack Centre ní Oregun. Níbẹ̀, ibi tí wáyà máa gbà ti wà lórí ìwé kí ẹ̀rọ tó wọlé. Ilé alájà mẹ́ta náà lè ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò wọ́n.

Tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ tó san owó tó kù fún irú èmi, ẹ gba ohun méjì lọ́wọ́ rẹ̀: èsì tẹ́sítà fún wáyà kọ̀ọ̀kan, àti àwòrán tó fi nọ́ńbà àti ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà hàn. Ẹni tó bá ní "ó ń ṣiṣẹ́, ṣebí ẹ rí i," ẹ má tíì fún un lówó.