Dígí Ọkọ̀ Tó Ń Fa Ẹrù: Bí A Ṣe Ń Tò Ó àti Bó Ṣe Ń Mọ́ni Lára

Ọ̀rọ̀ dígí ọkọ̀ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé, "Kí ló kàn mí, mi ò ní ọkọ̀." Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ẹsẹ̀ rin ẹ̀gbẹ́ títì Àkúrẹ́ sí Oǹdó wá sí ilé ìwé ní Ọ̀wẹnà níbí. Ọkọ̀ kòkó, ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ pákó, gbogbo wọn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ohun tí dírẹ́bà rí nínú dígí àti ohun tí kò rí kàn wá gan-an.

Àbúrò màmá mi, tí mò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ní ọkọ̀ Toyota Tundra tòkunbọ̀ kan. Òun ni wọ́n fi ń fa ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, tí àwọn bíríkìlà ń pè ní mísà, lọ síbi tí iṣẹ́ ilé bá wà. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà gùn. Ó ṣeé fà jáde, ó sì ṣeé tì wọlé bí orí ahun. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń tẹ̀lé wọn láti fi òkúta há táyà.

Ní Sátidé kan ní táàmù tó kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì ni. Ó ti sún àga síwájú, ó sì ti ti dígí méjèèjì wọlé. Bọ̀ọ̀dá ń kánjú. Wọ́n sún àga sẹ́yìn, a so mísà mọ́ ọkọ̀, ó di títì. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ọjà, wọ́n fẹ́ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Èmi dúró lẹ́yìn ọkọ̀ lókè. Mo rí ọmọbìnrin kan tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wà láàárín ọkọ̀ wa àti ìsọ̀ kan, mísà sì ń bọ̀ wá há a mọ́bẹ̀. Mo fọwọ́ lu orí ọkọ̀ gbà-gbà-gbà: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró! Ẹ dúró!"

Wọ́n dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fara pa. Bọ̀ọ̀dá sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Mi ò rí i rárá." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Dígí wà lára ọkọ̀ o, àmọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ nìkan ló ń fi hàn wọ́n.

Kí ló dé tí ọwọ́ ọ̀tún fi le?

Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Dírẹ́bà ń jókòó sápá òsì, àwa ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn ìsọ̀ sì wà lápá ọ̀tún, níbi tó jìnnà sí i. Dígí àárín kò wúlò mọ́ bí mísà bá ti dí ẹ̀yìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ọkọ̀ bá yà, ohun tó ń fà kì í tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń gé kọ̀rọ̀ wọlé ni. Ibi tí ọkọ̀ ti kọjá láìfara kan ẹnikẹ́ni, mísà lè gba èèyàn níbẹ̀.

Láyé àtijọ́, èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ dígí. Nínú eré ìje Indianapolis ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1911, àwọn yòókù gbé ẹnìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń bá wọn wo ẹ̀yìn. Ray Harroun dá jókòó ní tiẹ̀, ó fi dígí síwájú ara rẹ̀, òun ló sì gba ipò kìíní.

Bí a ṣe ń tò ó

1. Àga ló ṣáájú. Kí dírẹ́bà jókòó bó ṣe máa ń jókòó gan-an. Bí àga bá sún lẹ́yìn tí a to dígí, òfo ni.

2. Ẹ so ohun tí ẹ fẹ́ fà mọ́ ọkọ̀, kó tò tààrà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí ẹ tó fa dígí jáde. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀, iwájú á gbé sókè, dígí á wá máa wo ilẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a tún un tò lẹ́yìn tí a bá di ẹrù tán.

3. Nínú dígí ńlá òkè, kí ara ọkọ̀ gba díẹ̀ péré ní ẹ̀gbẹ́ inú. Kí ibi tí títì ti pàdé ojú ọ̀run wà láàárín.

4. Dígí kékeré ìsàlẹ̀ yọ ikùn síta. Kí ó máa fi táyà mísà àti ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn.

5. Ìdánwò wá kù. Mo mú aṣọ pupa, mo rìn yí ọkọ̀ ká díẹ̀díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá sì ń tẹ fèrè níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń rí mi. Ibi tí fèrè bá ti dákẹ́, kọ̀rọ̀ nìyẹn. Fèrè dákẹ́ níbi méjì: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, àti lẹ́yìn mísà gan-an. A tún dígí tò, fèrè dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ti ẹ̀yìn mísà kò dún títí a fi ṣe tán. Kò sí dígí tó rí ibẹ̀.

Bó ṣe ń mọ́ni lára

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ́ Bọ̀ọ̀dá lára. Dígí tó yọ ikùn máa ń mú kí nǹkan kéré, kó sì dà bíi pé ó jìnnà. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tí à ń rí nínú rẹ̀ sún mọ́ wa ju bó ṣe rí lójú lọ. Ọ̀kadà tó dà bíi pé ó ṣì wà lọ́hùn-ún, ó ti dé nìyẹn! Bọ̀ọ̀dá máa ń kọ́kọ́ wo dígí ńlá kí wọ́n tó gba ti kékeré gbọ́.

Èkejì, ọkọ̀ ti fẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, dígí òsì gbá òpó géètì kan. Báyìí, bí a bá já mísà sílẹ̀, wọ́n á ti dígí wọlé kíá.

Ẹ̀kẹta ni wíwa ẹ̀yìn. Kí dírẹ́bà di ìsàlẹ̀ sítíárì mú. Apá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ ni ìdí mísà náà máa lọ. Kó rọra ṣe é, kó sì máa wo dígí méjèèjì. Kí ẹnìkan sì wà nílẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀yìn, níbi tí òun náà lè rí dírẹ́bà.

Àwa ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́?

Bí o bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn ọkọ̀, wo dígí rẹ̀. Bí o kò bá rí ojú dírẹ́bà níbẹ̀, òun náà kò rí ọ. Kúrò níbẹ̀. Má gba àárín ọkọ̀ àti ìsọ̀ kọjá bí ọkọ̀ bá fẹ́ yà, má sì gba ẹ̀yìn ohun tí ọkọ̀ ń fà, bó tilẹ̀ dúró.

Ọmọ tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn wà nínú ilé ìwé wa níbí. Ó ní kí n má kọ orúkọ òun. Ó ní kí n ṣáà sọ fún yín pé ọkọ̀ náà ni òun rí, òun rò pé ọkọ̀ náà rí òun.