Iyọ̀ Tí Ó Ń Pa Oko: Ohun Tí Àwọn Àgbẹ̀ Íńdíà Ṣe Sí I

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, òjò ni ó ń bá wa fọ iyọ̀ inú ilẹ̀ lọ sódò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi mọ̀ pé iyọ̀ lè pa oko. Níbi tí òjò kò tó, tí ó jẹ́ pé omi odò ni wọ́n ń fà wọ oko, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí lítà omi kan bá ní ìdajì gíráàmù iyọ̀ péré, ahọ́n kò lè tọ́ ọ wò. Síbẹ̀, bí a bá fa omi tí ó jìn tó mítà 1 sórí hẹ́kítà kan lọ́dún, tọ́ọ̀nù iyọ̀ 5 ni a kó wọ oko yẹn. Oòrùn a gbé omi lọ, iyọ̀ a jókòó.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní àríwá Íńdíà. Ní 1854 ni wọ́n ṣí odò àtọwọ́dá ńlá tí ó ń gba omi láti odò Ganges. Nígbà tí ó yá, omi abẹ́ ilẹ̀ ru sókè, ilẹ̀ sì ń fà á bí òwú àtùpà ti ń fa epo. Ohun funfun kan bo oko. “Reh” ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ní 1969, ìjọba Íńdíà dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní ìlú Karnal nítorí àrùn ilẹ̀ yìí.

Irú méjì ni àrùn náà, ẹni tí kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀ yóòná owó rẹ̀ dànù. Ọ̀kan jẹ́ ti iyọ̀ bí èyí tí a ń jẹ. Èkejì jẹ́ ti káún. Ilẹ̀ oníkáún a máa le bí òkúta bí ó bá gbẹ, omi a sì dúró lórí rẹ̀ láì ríbi wọlẹ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ sínú ìgò, ẹ da omi òjò lé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí omi náà bá tètè tòrò, iyọ̀ lásán ni ẹ fura sí. Bí ó bá ṣì rú di ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ káún.

Omi púpọ̀ ni oògùn iyọ̀ lásán, bí omi náà bá ti rí ọ̀nà jáde. Ti káún kò rí bẹ́ẹ̀. Gypsum ni wọ́n ń lò, òkúta funfun tí wọ́n ń sun ṣe P.O.P. tí a fi ń ṣe àjà ilé. Wọn a tẹ́ oko náà pẹrẹsẹ, wọn a mọ ebè yí i ká, wọn a wá po gypsum lílọ̀ mọ́ erùpẹ̀ òkè, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 10 sí 15 fún hẹ́kítà kan. Lẹ́yìn náà ni wọn a da omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrẹsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbìn, nítorí pé ó lè dúró nínú omi. Àlìkámà a tẹ̀lé e. Wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣòfo nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí iyọ̀ má baà gòkè padà.

Èyí tí ó kan àwa ẹlẹ́gbẹ́ jù ni ti gọ́tà. Omi tí ó fọ iyọ̀ kúrò lóko mi kò gbọdọ̀ dúró sóko rẹ. Ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, nínú iṣẹ́ àtúnṣe ilẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1993 pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, ẹgbẹ́ kéékèèké ni wọ́n pín àwọn àgbẹ̀ sí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kànga ẹ̀rọ tirẹ̀. Gọ́tà inú oko, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Gọ́tà ńlá tí ó ń kó omi gbogbo wọn lọ sódò ni wàhálà wà, nítorí pé kì í ṣe ti ẹnì kan. Níbi tí koríko bá ti dí i, omi abẹ́ ilẹ̀ a tún ru sókè, gypsum ọdún mélòó kan a sì di òfò.