Fèrèsé Ilé Bàbá Wa ní Sabon Gari

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Kánò, ojú ọ̀pọ̀ ilé bàbá wa ti di àmúlùmálà: fèrèsé onípákó kan, onígíláàsì pelebe méjì, alumíníọ́mù kan. Olúkúlùkù ọmọ ló ń ṣe ti yàrá tirẹ̀.

Kí ẹbí dáwó jọ, kí fèrèsé ojú títì bára mu. Ti ẹ̀yìnkùlé lè dúró. Ẹ wọn ihò kọ̀ọ̀kan kí bíríkìlà má baà fọ́ ògiri àtijọ́.

Ẹ rántí ooru oṣù kẹrin. Fèrèsé tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì ló ń ṣí. Èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ń ṣí tán. Yàrá tí èrò kún, tí kò ráfẹ́fẹ́, ni yírùnyírùn fẹ́ràn. A kò gbàgbé 1996.