Ta Ló Ń Kọ́ Ọmọ Yìí?

Iró àti bùbá léèsì ni ìyá nọ́ọ̀sì kan wá gbà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bàrígà lọ́jọ́ náà. Mò ń parí ọrùn bùbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ mi ọkùnrin wà lórí ẹní lẹ́yìn máṣíìnì, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ń wo fáànù òkè bó ṣe ń yí. Kò lè jókòó, kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa ká, a tún na, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń fà á. Gbogbo oníbàárà tó bá rí i, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Kí ló ṣe é?" Èsì rẹ̀ ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ta ló ń kọ́ ọ?"

"Mà, ara rẹ̀ ni kò yá," mo dáhùn.

"Mo ti rí ìyẹn, ọmọ mi. Mo ní ta ló ń kọ́ ọ?"

N kò rí nǹkan sọ.

Ọdún mẹ́sàn-án ti gorí ọdún náà. Ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún 13. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu ẹni tí yóò mọ ìtàn òun. Àkànní, oríkì rẹ̀, ni n ó máa pè é. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè fún ọdún mẹ́rin gbáko, mo sì ṣìnà, nítorí "Ta ni yóò wò ó sàn?" ni mò ń bi káàkiri.

Ojú Àkànní pọ́n ní ọjọ́ kẹta tí mo bí i. Wọ́n ní kí n máa gbé e sóòrùn àárọ̀. Mo gbé e sóòrùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé àgbo wá, mo fún un mu. Ní ọjọ́ kẹfà, kò mu ọmú mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ bí ọrun. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ sì dúró. Ṣùgbọ́n ibà pọ́njú ti wọ inú ọpọlọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní cerebral palsy ló fi sílẹ̀ fún un: ọpọlọ kò lè darí iṣan bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni dókítà kan tó là mí lóye pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ni èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ G6PD, kò tó nínú ara wọn. Káńfọ̀ funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́. Mo rántí àpótí tí mo kó aṣọ ọmọ mi sí fún oṣù mẹ́ta kí n tó bímọ. Dókítà kò búra pé òun ló fà á, èmi náà kò lè búra. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí aboyún tó wá dáṣọ lọ́dọ̀ mi tí n kì í sọ fún pé kó má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ, àti pé bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, oòrùn àárọ̀ kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí n kò mọ ìyẹn, òkè àdúrà ni mo ń gùn. Mo sùn ní òkè mẹ́ta. Ẹnì kan ní ẹni òrìṣà ni, kí n dá a padà fún Ọbàtálá. Ẹlòmíì ní ẹbọra inú odò ló pààrọ̀ ọmọ mi. Owó aṣọ ẹbí mélòó kan ló lọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi náà sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ìyá nọ́ọ̀sì gba rìsíìtì aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀: Etí. Físíò. Ìwé. Ó ní, "Lọ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, má fo ọ̀kan." Ìwé kékeré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Etí

Kò yé mi. Ọmọ tí kò lè jókòó, etí ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ìyá nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ibà pọ́njú tó wọ ọpọlọ kì í sábà fi etí sílẹ̀, àti pé ọmọ tí kò gbọ́ràn, aráyé á kàn máa pè é ní dìndìnrìn.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ilé wa. Ibẹ̀ ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni, níbikíbi tí ẹ bá ń gbé. Wọ́n kọ lẹ́tà fún mi lọ sí ọsibítù ńlá. Ní Èkó, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí àti ẹ̀ka àwọn ọmọdé. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ orí Àkànní nígbà tó sùn, ẹ̀rọ sì ń ka bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń dáhùn sí ìró. Èsì dé: ìró tó lọ sílẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọrin oríkì sí i létí ní òru, ohùn jẹ́jẹ́, kí n má baà jí àwọn ará ilé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, mo sunkún, mo nu ojú mi, mo sì béèrè ohun tó kàn.

Físíò

Àwọn físíò ni wọ́n ń na iṣan, tí wọ́n sì ń kọ́ ara bí yóò ṣe gbéra. Ọsibítù Eegun ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìgbóbì ni mo lọ, nítorí ó sún mọ́ wa. Mo rò pé wọn yóò na ọmọ náà, yóò sì dìde. Ọmọbìnrin tó gbà wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni mo máa rí i. Ẹ̀yin lẹ máa rí i lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́." Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè gbé e tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ní kọ́ ara wọn, àti bí mo ṣe lè fún un lóúnjẹ níjokòó, kí oúnjẹ má baà há a lọ́fun. Ó yàwòrán àga kan tó ní igun lẹ́yìn. Káfíńtà àdúgbò wa fi pákó kàn án, èmi fi jíǹsì gígé rán bẹ́líìtì rẹ̀. Ọjọ́ tí Àkànní kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀, tó rí ojú títì ní òdì-kejì, ariwo tó pa kó àwọn aládùúgbò jáde.

Àwọn mìíràn wà tó ń kọ́ni bí a ṣe ń dá wọṣọ àti bí a ṣe ń dá jẹun, àwọn kan sì wà fún ọ̀rọ̀ sísọ àti bí a ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Òṣòdì ni wọ́n darí mi sí nítorí ìyẹn, níbi tí Ọsibítù Ọpọlọ ti Yábàá ti ní ibùdó fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ẹ̀yin ará Èkó mọ ohun tí "Yábàá" túmọ̀ sí lẹ́nu wa: ilé wèrè. Mo fi gèlè bojú kí n tó wọlé. Nínú ọgbà náà, mo bá àwọn ìyá bí èmi: ti ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ti ọmọ tó ní wárápá, ti ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé. Kò sí wèrè kankan níbẹ̀. Mo ká gèlè náà sínú báàgì. Orí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa ọ̀pọ̀ nǹkan tí ọ́fíìsì kankan kò sọ fún mi.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òbí ló dá púpọ̀ nínú àwọn ibùdó aládàáni sílẹ̀, nígbà tí wọ́n wá ibi tí wọn yóò gbé ọmọ tiwọn lọ tí wọn kò rí. Children's Developmental Centre bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1996. Rose Mordi, tó bí ọmọ tó ní Down Syndrome, ló dá Down Syndrome Foundation Nigeria sílẹ̀. Patrick Speech and Languages Centre ní Ìkẹjà, tó dojú kọ ọ́tísìmù, bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ọ̀gá ọmọ ogun òfuurufú kan tó ti fẹ̀yìntì, Femi Gbadebo, àti ìyàwó rẹ̀ dá Benola sílẹ̀ fún cerebral palsy ní 2013. Àwọn ibùdó aládàáni lè gbówó lórí, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ síbi ìpàdé wọn. Ọjọ́ 21 oṣù Ẹrẹ́nà ni àyájọ́ Down Syndrome, ọjọ́ 2 oṣù Igbe sì ni ti ọ́tísìmù. Nígbà àyájọ́ báyìí, ẹ ó rí amòfin, dókítà àti olùkọ́ tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀.

Ìwé

Aránṣọ tí kò bá kọ ìwọ̀n oníbàárà sílẹ̀ yóò tún un wọ̀n ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwa òbí rí. Ọsibítù kan tí a kọ́kọ́ lọ sọ fáìlì wa nù, gbogbo ẹni tó rí wa lẹ́yìn náà ló sì ń bẹ̀rẹ̀ láti "Ìgbà wo lẹ bí i?" Báyìí mo ní fáìlì oníke kan: ìwé ọjọ́ ìbí, èsì etí, lẹ́tà dókítà tó dárúkọ àìlera náà, ìwé físíò, fọ́tò pélébé mẹ́rin. Mo sì ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn.

Fáìlì yẹn ni mo gbé lọ sí LASODA, ọ́fíìsì tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí mo sì fi forúkọ Àkànní sílẹ̀. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tirẹ̀, tó dá àjọ kan sílẹ̀ ní Àbújá. Òfin náà ní ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àkàndá ẹ̀dá títí dé girama. Ó ní níbi tí a bá tò sí, àwọn ni ká kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san 100,000 náírà tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Ilé iṣẹ́ lè san mílíọ̀nù kan. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé kan sọ fún mi pé ọmọ mi yóò ba àwọn ọmọ yòókù nínú jẹ́, n kò jà. Mo fi ẹ̀dà òfin náà sórí tábìlì rẹ̀. Kò gbà á síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún mi ní orúkọ ilé ìwé ìjọba tí kíláàsì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà. Ibẹ̀ ló wà dòní. Fún ọmọ tó nílò ìtọ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba Èkó ní ilé ìwé Modupe Cole ní Àkọkà, níbi tí àwọn ọmọ kan ti ń gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní Èkó, ọsibítù UCH wà ní Ìbàdàn, ọsibítù ọpọlọ ti Árò wà ní Abẹ́òkúta. Ní ìlú Ọ̀yọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan ti wà láti 1977 tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkàndá ọmọ; ẹ béèrè ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè yín. Ẹ má dúró kí ọmọ pé ọdún mẹ́rin bí tèmi. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró ní oṣù mẹ́rin, tí kò jókòó ní oṣù 9, tí kò rìn ní ọdún kan àbọ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ibùdó tó bá ní òun yóò wò ó sàn pátápátá, ẹ sá fún un. Èyí tí kò bá jẹ́ kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ, ẹ sá fún ìyẹn náà.

Àkànní kò tíì rìn, bóyá kò ní rìn. Ó ní ẹ̀rọ létí. Ó ní pátákó àwòrán tó fi ń sọ̀rọ̀: ojú ló fi ń yan ohun tó fẹ́. Nígbà tí mo bá gbé òwú méjì sókè níwájú rẹ̀, ibi tí ojú rẹ̀ bá dúró sí ni mo máa ń fi rán aṣọ, àwọn oníbàárà mi sì mọ̀. Ní oṣù tó kọjá, oníbàárà tuntun kan wò ó, ó ní, "Kí ló ṣe é?" Mo ní, "Kíláàsì ló ti ń bọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Bí ẹ bá mọ ìyá kan tó ń fi ọmọ pamọ́ sí yàrá ní àdúgbò yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í pé kí ló ṣe ọmọ náà. Ẹ bi í pé ta ló ń kọ́ ọ. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ bá a gbé ọmọ náà, kí ẹ jọ lọ wá ẹni náà.