Ṣé 'kónjí' ló ń fa ìfipábánilòpọ̀? Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ rèé

Tí a bá ti ka ìròyìn ìfipábánilòpọ̀ lórí afẹ́fẹ́, kì í pẹ́ tí olùgbọ́ kan á fi pè wá láti Agbowó tàbí Challenge: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, bí kónjí bá ti mú ọkùnrin, ó tán."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ọdún 2020 nìkan, ọlọ́pàá Nàìjíríà ní ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ 717 ló dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti jà sí i. Lọ́dún 2000, Randy Thornhill àti Craig Palmer kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ẹ̀dá ti dá ara ọkùnrin kó máa tètè gbóná nítorí ọmọ bíbí, pé ibẹ̀ ni ìfipábánilòpọ̀ ti ṣẹ̀. Thornhill tọ́ka sí kòkòrò kan tí akọ rẹ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń di abo mú.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ní irọ́ ni. Ènìyàn kò ní irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ torí ọmọ bíbí ni, kí ló dé tí wọ́n ń fipá bá ọmọdé, ìyá arúgbó àti ọkùnrin lò? Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 1981, Peggy Sanday yẹ àwùjọ 95 wò káàkiri ayé. Ní bí ìdajì wọn, ìwà yìí ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ara ọkùnrin kò yàtọ̀ níbẹ̀. Ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin ló yàtọ̀.

Thornhill àti Palmer pàápàá sọ pé àlàyé kì í ṣe àwíjàre. Ebi máa ń pa wá ní Bódìjà, síbẹ̀ a kì í ki ọwọ́ bọ ìkòkò àmàlà olóúnjẹ. Ẹni tó ní òun kò lè kó ara òun níjàánu, ṣé ó jẹ́ ṣe é níwájú ọlọ́pàá?

Òfin kò mọ kónjí. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin VAPP tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 là sílẹ̀ fún un.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV. Ẹ má sì bi í léèrè aṣọ tó wọ̀.