Ìgbafẹ́ Olówó Pọ́ọ́kú Pẹ̀lú Ọmọ Kékeré ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ìgbafẹ́ pẹ̀lú ọmọ kékeré kò gba owó rẹpẹtẹ, kò sì nílò ètò ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa ibi tí wọ́n ń mú un lọ. Ohun tó ń rìn, tó ń dún, tó sì tóbi jù ú lọ ló máa ń gba ojú rẹ̀: ọkọ̀ ojú irin, bàálù, afárá, bọ́ọ̀sì gígùn. Ọkọ̀ tí àgbà ń wọ̀ lọ síbi ìgbafẹ́, òun gan-an ni ìgbafẹ́ lójú ọmọdé. Ìdí nìyí tí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kà sí ibi tí wọ́n ń sáré kọjá, fi dára fún irú ìjáde òjijì bẹ́ẹ̀. Òbí tó jí ní òwúrọ̀ Sátidé, tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, tí owó àpò rẹ̀ kò sì pọ̀, lè mú ọmọ jáde ní agogo mẹ́sàn-án kí wọ́n sì ti padà délé kí òòrùn tó rọlẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Láti 1901 ni ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn, Òṣòdì sì wà lójú ọ̀nà náà. Èyí tó kan ìgbafẹ́ lónìí ni Red Line ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2024, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Agbádó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, Ọ̀yìngbò ló ń parí sí, ibùdókọ̀ mẹ́jọ ló sì wà lórí rẹ̀. Láti Òṣòdì sí Ọ̀yìngbò, Múṣin àti Yábàá nìkan ló wà láàárín. Ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀ ló bá ọmọdé mu, nítorí kò ní pẹ́ débi tí yóò fi sú u, bẹ́ẹ̀ ni kò kúrú débi tí yóò fi sunkún pé òun ò tíì wò ó tán. Ọmọ tó bá ń béèrè ìbéèrè lè gbọ́ ìtàn kan tó dùn: ní 2022, ìjọba Èkó ra ọkọ̀ méjì fún ojú ọ̀nà yìí, èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe fún ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n tí àwọn yẹn kò lò.

Ẹni tó bá sọ̀ ní Ọ̀yìngbò kò jìnnà sí ọgbà rélùwéè Ẹ̀búté Mẹ́ta. Inú rẹ̀ ni Jaekel House wà, ilé onípákó tí wọ́n kọ́ ní 1898 fún àwọn ọ̀gá rélùwéè, tó ti di ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ rélùwéè báyìí. Kí a béèrè bóyá ó ṣí kí a tó lọ. Bí kò bá sì ṣí, ọjà Ọ̀yìngbò wà nítòsí, ọmọ tó rí ẹja àti ata tí wọ́n kó jọ gègèrè kò ní sọ pé òun kò rí nǹkan kan.

Red Line kì í rìn léraléra bíi dáńfó. Ẹni tó bá fẹ́ jáde lójijì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ àkókò tí ọkọ̀ ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, pàápàá èyí tó kẹ́yìn. Káàdì Cowry ni wọ́n ń fi sanwó, káàdì yìí kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì BRT, nítorí náà ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀ kò ní na owó kankan sí káàdì. Kí a béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ bóyá ọmọ náà yóò san tirẹ̀. Nínú dáńfó ní tirẹ̀, àṣà ni pé ọmọ tí a bá gbé lé ẹsẹ̀ kì í sanwó. Ìgbà tó bá gba ààyè ìjókòó ni kọ́ńdọ́ yóò béèrè owó rẹ̀.

Fún ará Ìsọlọ̀, ọ̀nà míì tún wà tó sàn jù. Títì Òṣòdì sí Àpápá tó gba Ìyànà Ìsọlọ̀ àti Cele kọjá ń já sí Mile 2, ibẹ̀ sì ni Blue Line, ojú irin míì ti ìjọba Èkó, ti ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, iná mànàmáná ló ń lò, ibùdókọ̀ márùn-ún péré ló sì ní dé Màrínà. Ní Ìgànmú, ọmọ yóò rí Gbọ̀ngàn Eré Orílẹ̀-èdè tó dà bíi fìlà sójà, èyí tí wọ́n kọ́ de àjọ̀dún àṣà FESTAC 77, tí wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ yóò gun afárá, omi yóò sì hàn kedere lábẹ́ ojú fèrèsé. Kò sí ibi tí ọmọdé ti ń pariwo tó ibẹ̀. Láti Màrínà, ẹsẹ̀ lè dé Freedom Park ní Broad Street, ibi tí ẹ̀wọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1882 wà tẹ́lẹ̀. Pápá wà níbẹ̀ tí ọmọ lè sáré.

Bí owó ọkọ̀ pàápàá bá ṣòro, ẹ jẹ́ kí ọmọ wo ojú ọ̀run. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tí wọ́n ṣí ní 1979, wà nítòsí, bàálù sì máa ń kọjá lókè Àjào àti Mafolúkù débi pé ọmọ lè rí táyà rẹ̀. Ojú afẹ́fẹ́ ni bàálù ń dojú kọ nígbà tó bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, ibi tó ń gbà yóò yí padà. Orí ilé pẹtẹẹsì tàbí pápá ilé ẹ̀kọ́ ló dára láti wò ó. Ẹ̀bá títì pápákọ̀ kì í ṣe ibi tí à ń dúró sí pẹ̀lú ọmọ. Ibì kan tún wà ní Ìsọlọ̀ tó yẹ kí òbí mọ̀: ní Òkè-Àfà, ìrántí wà fún àwọn tó kú sínú odò ibẹ̀ nígbà tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè ọmọ ogun ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ó yẹ kí a fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá ti lè gbọ́ ìtàn náà.

Oúnjẹ ló máa ń jẹ owó jù tí a kò bá kíyè sí i. Ìrẹsì tàbí àkàrà àti búrẹ́dì láti ilé, omi nínú ike, àti owó díẹ̀ fún ìpékeré tàbí gúgúrú, ó tó. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi owó lé ọlọ́jà lọ́wọ́; inú rẹ̀ yóò dùn ju oúnjẹ náà lọ.

Òṣòdì lórúkọ fún èrò. Àtúntò tí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá ṣe ní oṣù Kìíní 2009 àti àwọn ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹrin 2019 ti dín rúkèrúdò kù, ṣùgbọ́n wọn kò pa á rẹ́. Ọmọ tí kò tíì lè rìn dáadáa, ẹ pọ̀n ọ́n; èyí tó ti lè rìn, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni kí a dì mú, kì í ṣe ìka. Kí nọ́ńbà fóònù wà lórí bébà nínú àpò rẹ̀, kí a sì wọ̀ ọ́ láṣọ tó hàn láàárín èrò. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀, nítorí náà kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ẹsẹ̀ ni a ó lò láti títì wọ inú àdúgbò.

Bí àwọsánmà bá ṣú ní àkókò òjò, kí a tètè yí padà, nítorí òjò àti gosilóò máa ń bọ̀ pọ̀ ní Ìsọlọ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́, kí a ti kúrò ní Òṣòdì kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ló ni gbogbo bọ́ọ̀sì.